Ta Ló Pa Ẹja Náà?

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi àgbà, ní abúlé wa ní etí òkun, ní ìhà Ìbẹ̀jù. Ọkùnrin kan dúró nínú rẹ̀, ó dé fìlà funfun, ó wọ awò dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹja kúta ńlá kan ni ó gbé dání. Orí ẹja náà wà ní àyà rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ti kọjá orúnkún. Bí ẹ bá wo ìrù náà dáadáa, ẹ ó rí ọwọ́ kan tí ó dì í mú láti ẹ̀gbẹ́. Iṣan ọwọ́ náà yọ, àpá sì wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀ níbi tí okùn ti gé e rí. A kò rí ẹni tí ó ni ọwọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán parí sí. Bàbá mi àgbà ni ó ni ọwọ́ yẹn.

Ọkùnrin tí ó dé fìlà jẹ́ ọ̀gá kan tí ó máa ń wá láti ìgboro Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó bí mi. Ó máa ń san owó fún Bàbá kí ó fi ọkọ̀ gbé e lọ sójú òkun, kí ó lè fi ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ ṣe eré ìdárayá. Lẹ́yìn àwòrán náà, wọ́n fi báírò kọ orúkọ ọ̀gá náà, ọjọ́ tí wọ́n pa ẹja, àti ìwọ̀n rẹ̀: kílò 18. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, ta ló pa ẹja náà gan-an?

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ lórí ìtàn fún ìdíje yìí, àwọn ẹgbẹ́ mi mú ogun, wọ́n mú ọba. Èmi mú ẹja. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé àwọn ọba ti ní ẹni tí ń kọ ìtàn wọn, àwọn jagunjagun náà ní ẹni tí ń kọrin wọn. Ẹni tí ó ń tukọ̀ fún olówó láti lọ pẹja, ta ni ń kọ tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń sọ. Oríṣi ẹja pípa méjì ni ó wà. Àwọn kan ń pa ẹja kí wọ́n lè jẹ ẹ́, kí wọ́n sì tà á. Àwọn mìíràn ń pa ẹja fún eré ìdárayá. Wọ́n á fi ọ̀pá tí ó ní kẹ̀kẹ́ okùn bá ẹja jà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á sì kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀. Ní àwọn etí òkun tí omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi Florida, Bahamas, Kúbà, Senegal àti tiwa níhìn-ín, àwọn oríṣi apẹja méjèèjì máa ń pàdé lórí omi kan náà. Kúbà ni mo yàn fún àròkọ yìí. Ìdí kan ni pé ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí òkìkí eré náà ti kàn jù lọ láyé. Ìdí kejì ni pé àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Òkun tí ó wà ní àríwá Havana, olú ìlú Kúbà, kì í ṣe òkun lásán. Ìṣàn omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan ń jáde láti inú Gulf of Mexico, tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream. Ó ń gba àárín Kúbà àti Florida kọjá, ó ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn kí ó tó yí sí àríwá. Ọ̀nà tí ó gbà kò fẹ̀, nítorí láti etí òkun Kúbà dé Key West ní Florida kò ju nǹkan bíi máìlì 90 lọ. Ilẹ̀ abẹ́ omi sì já wálẹ̀ lójijì nítòsí etí òkun, nítorí náà kò di dandan kí apẹja rìn jìnnà. Bí ó bá ti kọjá odi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Morro ní ẹnu èbúté, kò ní pẹ́ rí i tí omi yí padà láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ aró tí ó rẹ dáadáa. Ibẹ̀ ni ìṣàn náà wà. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹja ńlá ń gbà.

Ẹja tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni máálìn. Àgbọ̀n òkè rẹ̀ gùn, ó sì rí ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Àwọn apẹja Kúbà ti mọ ìrìn rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n mọ̀ pé àwọn máálìn funfun tí kò tóbi púpọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ dé, ní nǹkan bí oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, àti pé àwọn ńláńlá aláwọ̀ aró ń tẹ̀ lé wọn láti oṣù keje títí di oṣù kẹwàá. Wọ́n mọ̀ pé ẹja náà máa ń lòdì sí omi: omi ń lọ sí ìlà oòrùn, ẹja ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n tún mọ̀ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ìlà oòrùn tí ó kọlu ìṣàn omi, tí ìgbì dìde, ìgbà náà ni máálìn ń sún mọ́ òkè omi. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ wọn. Inú ọkọ̀ ni bàbá ti ń fi han ọmọ.

Nígbà tí mo ka èyí fún bàbá mi àgbà, ó mi orí bí ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn aládùúgbò rẹ̀. Òkun tiwa náà ní ìṣàn tí ń lọ sí ìlà oòrùn. Ìwé Jọ́gíráfì wa pè é ní Guinea Current. Bàbá kò mọ orúkọ yẹn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé bí àwọ̀n bá já lálẹ́ ní ọ̀kánkán abúlé wa, apá Ìlàjẹ ni èèyàn yóò kọjú sí láàárọ̀ láti lọ wá a.

Ní ọdún 1932, Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, gbéra láti Key West, ó wá pa máálìn ní Havana. Ó ti lókìkí nígbà náà, ó sì ti ń pẹja láti kékeré nínú àwọn odò ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣe òkun. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tí ó ní àkísà níhìn-ín ni Carlos Gutiérrez, apẹja ará Kúbà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ pa máálìn. Ní àwọn erékùṣù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Dry Tortugas ni Hemingway ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1920, ẹnu rẹ̀ sì ni ó ti gbọ́ nípa àwọn máálìn ńláńlá tí ń gba iwájú Havana kọjá.

Ní ọdún 1933, Hemingway pa máálìn kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 468. Ẹja yẹn wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lọ. Lọ́dún kan náà, ó kọ ìròyìn nípa máálìn Kúbà sínú ìwé ìròyìn Esquire, nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde rí. Ó dárúkọ Carlos nínú rẹ̀, ó sì yìn ín. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má baà ṣe àbòsí, torí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó di ọ̀pá mú ni ó máa ń gbàgbé ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú. Ní ọdún 1934, ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Pilar, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 38. Carlos bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1938, Gregorio Fuentes gba ipò rẹ̀. Àwọn erékùṣù Canary ni wọ́n ti bí Gregorio ní ọdún 1897, ó dé Kúbà ní kékeré, ó sì gbé ní Cojímar, abúlé apẹja kan ní ìlà oòrùn Havana. Ó pẹ́ láyé gan-an. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2002.

Ní Cojímar yìí, àwọn apẹja tí kò ní ọ̀pá, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ń pa máálìn kan náà. Ọkọ̀ pákó kékeré ni wọ́n ń wà jáde ní ìdájí, ènìyàn kan tàbí méjì nínú rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí omi máa gbé wọn lọ, wọ́n á sì ju okùn sílẹ̀, ọ̀kan jìn ju ọ̀kan lọ, ìjẹ sì wà lẹ́nu ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fa okùn náà. Bí ẹja bá sáré, okùn á gba inú àtẹ́lẹwọ́ kọjá bí ọ̀bẹ. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo rántí àtàǹpàkò tí ó wà nínú àwòrán wa.

Ní ọdún 1939, àwọn olólùfẹ́ eré ìpẹja dá ẹgbẹ́ àgbáyé kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní IGFA. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe òfin, kí ó sì máa kọ ẹja tí ó wúwo jù lọ sílẹ̀. Ọ̀kan lára òfin rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ bá ẹja jà. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tí ìjà ń lọ, ẹja náà kò ní wọ ìwé. Ìdí òfin náà yé mi, nítorí eré tí kò ní òfin, ìjà ni yóò dà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tí ó mọ oṣù tí ẹja ń dé, tí ó mọ ibi tí omi ti yí àwọ̀, tí ó so ìjẹ, tí ó yí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí okùn má baà já, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ò kan ọ̀pá. Nítorí náà, orúkọ ẹni tí ó fa okùn ni ẹja ń jẹ́. Máálìn aláwọ̀ aró tí ó wúwo jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà fún Òkun Àtìláńtíìkì jẹ́ pọ́ùn 1,402, wọ́n pa á ní Vitória ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní ọdún 1992. Nínú ìlà tí mo kà nípa rẹ̀, mo rí orúkọ ẹni tí ó di ọ̀pá mú, mo rí ìlú, mo rí ọjọ́, mo rí ìwọ̀n. N kò rí atukọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1936, Hemingway tún kọ ìròyìn mìíràn sínú Esquire. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ìtàn kúkúrú kan, nípa bàbá arúgbó kan tí ó dá lọ pẹja nínú ọkọ̀ kékeré láti Cabañas ní Kúbà. Máálìn ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, ó sì wọ́ ọkọ̀ náà lọ sójú alagbalúgbú omi. Bàbá náà kò tú okùn sílẹ̀. Nígbà tí ó pa ẹja náà tán, tí ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àwọn àkurákudà dé. Ó fi gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé wọn títí agbára rẹ̀ fi pin. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, ní máìlì 60 sí ìlà oòrùn, ó ń sunkún nínú ọkọ̀. Ohun tí ó kù lára ẹja náà kò tó ìdajì, síbẹ̀ ó wọn pọ́ùn 800.

Mo ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ ìwọ̀n ẹja náà. Mo mọ iye máìlì. Kódà mo lè rò ó pé ìṣàn omi tí mo sọ lókè ló gbé e lọ, nítorí ìlà oòrùn náà ni wọ́n ti rí i. Ohun kan tí kò sí nínú ìtàn náà ni orúkọ bàbá arúgbó.

Láti inú irúgbìn kékeré yìí ni ìwé The Old Man and the Sea ti hù ní ọdún 1952. Ìwé ìròyìn Life tẹ odindi rẹ̀ jáde, ẹ̀dà tí ó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ ni wọ́n sì tà láàárín ọjọ́ méjì. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1953. Ní ọdún 1954, wọ́n fún Hemingway ní ẹ̀bùn Nobel. Òun náà mọ̀ pé òun jẹ gbèsè, nítorí ó fi àmì ẹ̀yẹ wúrà Nobel náà ta àwọn ará Kúbà lọ́rẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ojúbọ Màríà Mímọ́ ní ìlú El Cobre, ní ìlà oòrùn Kúbà.

Nígbà tí mo fẹ́ mọ ìdí tí ó fi jẹ́ El Cobre, mo bá ìtàn mìíràn pàdé níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 1612, àwọn mẹ́ta kan wa ọkọ̀ sínú omi Nipe láti lọ wá iyọ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ dúdú, ẹni ọdún bíi mẹ́wàá. Wọ́n rí ohun funfun kan tí ó léfòó, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹyẹ ni. Ère Màríà Mímọ́ ni wọ́n bá lórí pákó kan. Ère náà ni wọ́n gbé lọ sí El Cobre, níbi tí àwọn ẹrú ti ń wa kùsà bàbà, Màríà yìí sì ni gbogbo Kúbà kà sí alábòójútó wọn lónìí. Báwo ni a ṣe mọ ìtàn náà? Ní ọdún 1687, àwọn aṣojú ìjọ pe ọmọ dúdú náà, tí ó ti di arúgbó ẹni ọdún bíi 85, wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó búra, ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Juan Moreno ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ rò ó. Ẹrú ni Juan Moreno, ó sì ti ju 300 ọdún lọ tí ó ti sọ̀rọ̀, síbẹ̀ a mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá arúgbó Cabañas jẹ́ òmìnira, kò tíì pé 100 ọdún tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ìwé tí ó sì jáde láti ara ìtàn rẹ̀ kárí ayé, síbẹ̀ a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ju pé ẹnì kan jókòó ti Juan Moreno, ó bi í léèrè, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú gba Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah lọ sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn, wọ́n fún wọn ní orúkọ Sípéènì, wọ́n sì kọ orúkọ tuntun yẹn sínú ìwé. Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n kò wọ ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu pa àwọn orúkọ kan mọ́. Nígbà tí wọ́n rí Màríà El Cobre, ìlú tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí bàbà, wọ́n rántí ẹni tí ó fẹ́ràn idẹ, wọ́n pè é ní Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n rí Màríà mìíràn ní Regla, ìlú tí ó kọjú sí èbúté Havana, tí àwọn atukọ̀ ń gbàdúrà sí, wọ́n pè é ní Yemọja. Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ni ọdún Regla, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti El Cobre. N kò sọ pé Juan Moreno tàbí Carlos jẹ́ ọmọ Yorùbá o. Ohun tí mo ń sọ ni pé omi tí àwọn olówó ń gbà lọ pa máálìn, àwọn ènìyàn wa ti fún un ní orúkọ kí ọ̀pá ìpẹja àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1950, ìdíje máálìn kan bẹ̀rẹ̀ ní Havana tí wọ́n fi orúkọ Hemingway sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, Fidel Castro, olórí ìjọba tuntun, kópa níbẹ̀, ó sì gbégbá orókè. Hemingway ni ó fún un ní ife ẹ̀yẹ. Àwòrán àwọn méjèèjì kárí ayé. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, ojú mi máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, bóyá màá rí ọwọ́ ẹnì kan. Ìdíje náà ṣì wà títí di òní, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ẹja náà mọ́. Wọ́n á so àmì mọ́ ọn lára, wọ́n á tú u sílẹ̀ kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Hemingway kú ní ọdún 1961. Àwọn apẹja Cojímar kò ní owó láti ra idẹ tí wọ́n ó fi mọ ère rẹ̀. Ni wọ́n bá ń kó irin ara ọkọ̀ wọn wá, títí kan abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń ti ọkọ̀ lórí omi. Wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, agbẹ́gilére kan fi mọ orí Hemingway, ère náà sì wà ní etí òkun Cojímar lónìí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ó sì ń dùn mí. Àwọn apẹja tú nǹkan ara ọkọ̀ wọn kí orúkọ òǹkọ̀wé má baà parẹ́. Bàbá arúgbó Cabañas kò ní ère tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo ka àròkọ yìí dé ibi yìí fún bàbá mi àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo rò pé yóò bá mi bínú sí ọ̀gá tí ó wà nínú àwòrán. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ọ̀gá yẹn ló pa á. Òun ló fa okùn, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. N kò bá a du ẹja.”

Mo ní, “Kò wá sí ohun tó dùn yín nínú ọ̀rọ̀ náà, Bàbá?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó wà. Ó kọ kílò, ó kọ ọjọ́. Kò bi mí pé níbo la wà. Ibẹ̀ ní orúkọ.”

Mo bi í léèrè. Ó ní Àgbọn Mẹ́ta ni orúkọ ibẹ̀. Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, igi àgbọn mẹ́ta kan wà ní etí òkun wa. Bí o bá wà lójú omi, tí o rí i tí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ara wọn bí ẹyọ kan, tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní ọwọ́ òsì wọn, o ti dé ibi tí òkúta wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kúta ń dúró sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkun ti gbé àgbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì náà ti ṣí lọ sí òkè. Àmì kan kò sí mọ́. Ẹni tí ó kù tí ó mọ ibẹ̀ ni bàbá mi àgbà, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mi ò sùn dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣàánú bàbá arúgbó Kúbà tí n kò rí rí, èyí tí ó wà nínú ilé wa ń dúró kí ẹnì kan bi òun léèrè. Èmi náà kò sì bi í. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wo àwòrán yẹn.

Mo ra ìwé àjákọ kan. Ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́, nítorí òun ni ó ń yan ẹja tí Bàbá bá pa, tí ó sì ń tà á. Kò rántí ọdún, kò rántí kílò. Ohun tí ó rántí ni ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe. “Ẹja yìí la fi san owó ilé ìwé bàbá rẹ. Ẹja yìí la fi kan páànù sórí ilé.” Nípa bẹ́ẹ̀, mo lè fi ọdún tí bàbá mi wọ ilé ìwé ṣírò ọdún tí wọ́n pa ẹja náà. Olùkọ́ wa sọ fún mi pé ọ̀nà ìwádìí ìtàn gidi ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò bàbá mi gbé èmi àti Bàbá sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá kò rí etí òkun mọ́. Ó ń bi mí pé kí ni mo ń rí, mo ń sọ fún un. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbọ́ bí ó ṣe ń ṣàn, ó ní kí a sún síwájú díẹ̀, ó ní kí a dúró. Àbúrò bàbá mi ju òjé sílẹ̀. Ó bá òkúta. A kò pa kúta lọ́jọ́ náà, ẹja àpò kékeré méjì ni a rí. Mo kọ ọ́ báyìí: ọjọ́, iye ẹja, ẹni tí ó wa ọkọ̀, ẹni tí ó fa okùn, ẹni tí ó mọ ibẹ̀, orúkọ ibẹ̀, àti ohun tí a ń rí láti ibẹ̀ nísinsìnyí tí kò sí àgbọn mọ́.

Tí ẹ bá wá bi mí léèrè pé ta ló pa ẹja inú àwòrán wa, màá dáhùn bí Bàbá ti dáhùn. Ọ̀gá ló pa á. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹja kò parí sí ọwọ́ ẹni tí ó pa á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí àgbà bá wà nínú ilé yín tí ó mọ omi, tí ó mọ oko, tí ó mọ ọ̀nà tí kò sí mọ́, ẹ má dúró de ẹni tí yóò ti òkèèrè wá bi í.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá, mo sọ àwòrán náà kalẹ̀ láti ara ògiri. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá náà àti kílò 18 sí, mo fi báírò tèmi kọ ìlà kan kún un. Orúkọ ibẹ̀ ni mo kọ, àti orúkọ bàbá mi àgbà ní kíkún.